Àdá Méjì Níwájú Ọba Onírin

Ọjọ́ Ajé, 4 Oṣù Kẹfà 2001

Jẹ́ kí n kọ ọ́ síbí kí n tó sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, torí ó ti pẹ́ tí mo ti ń pa á mọ́ra, àyà mi sì fẹ́ bẹ́. Kì í ṣe oyún o! Gbogbo ará ilé wa ní Ṣómólú yìí ló ń fi ojú wọn ikùn mi láti ìgbà tí a ti ṣe ìgbéyàwó lẹ́yìn ọdún Àjíǹde. Kí wọ́n máa wọ̀n ọ́n. Ìròyìn tèmi ni pé mo ti ń gbá géèmù orí kọ̀ǹpútà Alájì Yísà ní kọ̀rọ̀, àti pé lónìí, ní ọ̀sán gangan, èmi Dọlápọ̀ ni mo pa Adènà!

Adènà yìí ni abàmì tó dúró sí ẹnu ihò kẹta, tó gbé kùmọ̀ lé èjìká. Bámilóyè ọkọ mi, olólùfẹ́ mi, ẹni tó ń to ọ̀rọ̀ sórí káàdì níbi ìtẹ̀wé Alájì, ti ń bá a jà láti ọjọ́ yìí. Tí iṣẹ́ bá ti rọlẹ̀ lọ́sàn-án, á ti káàdì ìgbéyàwó tó ń tò lọ́wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, á ṣí géèmù, á gbé idà gbàǹgbà tí wọ́n ń fi ọwọ́ méjèèjì mú, á sì lọ kú. Ojoojúmọ́ ló ń lọ kú. Tó bá kú tán, á padà sórí káàdì, á ní òun ti sinmi.

Èmi tí mò ń jókòó tì í láti wò ó bóyá orúkọ ẹnikẹ́ni kò ṣìnà lórí káàdì, mo ti rí i tipẹ́ pé idà yẹn ló ń pa á. Kí ó tó gbé e dé èjìká, kùmọ̀ ti dé. Nítorí náà, nígbàkígbà tó bá jáde lọ gba pléètì ìtẹ̀wé, mo máa ń ṣí jagunjagun tèmi, mo sì fi àdá kékeré kọ̀ọ̀kan sí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Lónìí, Adènà ṣubú. Mo hó débi pé ẹni tó ń gé ìwé ní yàrá kejì sáré wá wò bóyá ẹ̀rọ ti gé mi lọ́wọ́.

Nígbà tí ọkọ mi dé, ó ní, "Kí ló ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín?"

Mo ní, "Ìwọ náà ni."

Ó ń yan bí ọba títí a fi délé.

Ọjọ́bọ̀, 7 Oṣù Kẹfà

Mo ti sọ fún un. A ń jẹ ẹ̀bà lọ́wọ́ lánàá, mo kàn là á mọ́lẹ̀. Òkèlè rẹ̀ dúró lójú ọ̀nà.

"Adènà wo?"

"Adènà tìrẹ."

"Dọlá, irọ́ ni."

"Lọ wò ó lọ́la. Mo ti wà nínú ihò karùn-ún."

Láàárọ̀ yìí, kò tíì kí ẹnikẹ́ni níbi iṣẹ́ tó fi tan kọ̀ǹpútà. Ó wo ojú kọ̀ǹpútà náà, ó wò mí, ó tún wò ó. "Àdá méjì? Àdá tí wọ́n fi ń gé koríko ẹ̀yìnkùlé?"

"Òun náà ni."

Ó ní idà gbàǹgbà ni ohun ìjà gidi. Ó ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló máa ń ba èèyàn, ẹni tó bá bà ti lọ nìyẹn, ó sì gùn, ọ̀tá kò ní lè sún mọ́ ọ. Mo ní òótọ́ ni, tó bá bà á. Tí kò bá bà á ńkọ́? Ìwọ á wà níbẹ̀ tí o ń fà á padà bí ẹni tó ń fa omi nínú kànga, wọ́n á sì máa nà ọ́ lọ. Àdá tèmi kéré, kì í dunni púpọ̀, ṣùgbọ́n ó yá. Ó ní ta ni yóò wá gbé asà fún mi, nígbà tí ọwọ́ mi méjèèjì kún? Mo ní ta ló ń gbé asà fún ìwọ náà? Ó rẹ́rìn-ín. Áà, ọkọ mi tó bá rẹ́rìn-ín! Èjí rẹ̀ yẹn! Ìyá mi bi mí nígbà kan pé kí ni mo rí lára ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ yìí, n kò lè sọ fún un pé èjí ni.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9 Oṣù Kẹfà

Ìròyìn ńlá! Mùtíù, tó ní ilé géèmù nítòsí etí omi ní Bàrígà, fẹ́ ṣe ìdíje, orí géèmù tiwa yìí gan-an ló sì fẹ́ fi ṣe é. Ẹni tó bá pa Ọba Onírin, olórí gbogbo wọn tó wà nínú ihò ìkẹyìn, á gbé kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ lọ sílé. Kọ̀ǹpútà odindi, pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń tẹ ìwé jáde!

Bámilóyè ti ń sọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà tirẹ̀ kí a tó fẹ́ra. Nígbà tó ń tọrọ ọwọ́ mi, ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé, "Dọlá, n kò ní í máa bá ẹlòmíì to káàdì títí ayé." Tí a bá ní i, a lè ṣí ibi iṣẹ́ tiwa. Tí a kò bá ní i, a ó ṣì máa jókòó sídìí ti Alájì títí a ó fi hu ewú.

Àwọn òfin Mùtíù nìyí: ilé kan, ẹnìkan. Ohun ìjà tí o bá yàn níbẹ̀rẹ̀ ìpele kọ̀ọ̀kan lo máa lò dé òpin rẹ̀, kò sí pípààrọ̀. Ẹ̀mí kan ṣoṣo. Tí o bá kú, o ti lọ sílé nìyẹn.

Ilé kan, ẹnìkan. Mo wo ọkọ mi, ó wo òkè àjà.

Ó ti fi orúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀ kó tó délé.

Ọjọ́ Àìkú, 10 Oṣù Kẹfà

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, pásítọ̀ ní kí kálukú gbàdúrà sókè. Mo gbọ́ ọkọ mi tó ń sọ pé, "Baba, fún mi ní apá líle." Èmi náà gbé ohùn sókè: "Baba, kì í ṣe apá líle ló ń ṣe é!" Arábìnrin tó wà níwájú wa bojú wẹ̀yìn.

Ọkọ mi fi orí ẹja fún mi nígbà tí a délé. Ìyẹn ni pé kò bínú. Àmọ́ kò sọ pé òun á yọ orúkọ òun kúrò.

Ọjọ́bọ̀, 14 Oṣù Kẹfà

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kú lónìí. Mo wà nínú ihò kẹfà, mo ń ṣán àdá méjèèjì lọ, àṣé Alájì Yísà ti wà lẹ́yìn mi pẹ̀lú kẹ́tùlù àlùwàlá lọ́wọ́. Mo já lulẹ̀ lórí eékún.

"Ẹ jọ̀ọ́, Alájì, ẹ má bínú, káàdì náà ti parí, mo kàn ní kí n..."

"Dìde."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà."

"Mo ní kí o dìde. Kí ló dé tí o kò mú idà gbàǹgbà?"

Mo rò pé etí mi ló ń ṣe mí. Alájì tó ti lọ sí Mẹ́kà lẹ́ẹ̀mejì! Ó fa àga, ó jókòó, ó sì là á yé mi pé gbogbo ìrọ̀lẹ́ tí a bá ti lọ sílé, òun máa ń fi ìṣẹ́jú díẹ̀ "tọ́jú kọ̀ǹpútà." Ihò keje ló wà, idà gbàǹgbà ló sì ń lò. Ó ní àdá méjì kò níyì lọ́wọ́ ẹni, ó dà bí ẹni tó ń lé eṣinṣin. Ó dìde nígbà tó yá, ó ní, "Má sọ fún Alájà o."

Mo ní, "Alájì, kí ni mo rí tí mo fẹ́ sọ?"

Ó ní a lè máa gbá a lọ́sàn-án tí kò bá sí oníbàárà. Ọlọ́run ṣeun! Ṣùgbọ́n wọ́n ti di méjì báyìí tó ń ti idà gbàǹgbà lẹ́yìn.

Ọjọ́ Àìkú, 17 Oṣù Kẹfà

Alájì ní kí a má fi ọ̀rọ̀ yìí bá ara wa jà nílé, kí èmi àti ọkọ mi wá dojú kọ Adènà níwájú òun, kí a mọ ẹni tí yóò lọ. Ó ṣí ibi iṣẹ́ fún wa lẹ́yìn ìrun ọ̀sán.

Bámilóyè kọ́kọ́ jókòó. Ó na ìka, ó gbọn èjìká, ó kú. Ó ní máòsì ń fà. Alájì nu máòsì. Ó tún kú. Ó ní oòrùn ń ta sójú kọ̀ǹpútà. Alájì fa aṣọ fèrèsé. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó gbá Adènà ní ẹyọ kan tó dára gan-an, ẹ̀mí Adènà já dé ìdajì, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta hó. Ibi tó ti ń hó ni kùmọ̀ bá a.

Èmi jókòó. N kò fẹ́ máa fọ́nnu. Adènà kò pẹ́.

Ọkọ mi ní òun ń lọ ra omi. Ó pẹ́ kó tó dé, ara mi ò lélẹ̀ mọ́, mo ń rò ó bóyá ó yẹ kí n ti mọ̀-ọ́n-mọ̀ kú kí ó lè borí. Alájì ń ka tẹ̀sùbáà, kò wojú mi. Ìgbà tí Bámilóyè máa wọlé, àgbàdo sísun ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, méjì, ó sì fún mi ní èyí tó tóbi.

Ó ní, "Jẹ ẹ́, kí ọwọ́ rẹ lè lágbára. Mo gba ọ̀dọ̀ Mùtíù lọ. Orúkọ rẹ ló wà níbẹ̀ báyìí."

Ó ti rìn dé Bàrígà! Mo ń jẹ àgbàdo, mo ń sunkún, iyọ̀ kún ẹnu mi.

Ọjọ́rú, 20 Oṣù Kẹfà

Òjò látàárọ̀. Nẹ́pà kò mú iná wá. Gàrí tún ti gbówó lórí. Mo fi ṣíbí méjì ṣá ìrọ̀rí.

Ọjọ́ Ẹtì, 22 Oṣù Kẹfà

Ìyá ọkọ mi ti dé láti Ògbómọ̀ṣọ́ láti wá wo ìyàwó tuntun! Ó kó iṣu wá, ó kó ẹ̀wà wá, ó sì di ọmọ odó méjì mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹrù rẹ̀. Ó ní òun kò mọ irú ọmọ odó tí wọ́n ń lò ní Èkó.

Níwájú Màmá, mo ń pe ọkọ mi ní "ẹ̀yin." "Ẹ wá jẹun o. Ṣé kí n bu omi fún yín?" Ẹ̀rín ń pa á, ó ń wúkọ́.

Màmá wo ikùn mi. Mo wo iṣu.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 23 Oṣù Kẹfà

A kò lè fi pamọ́ fún Màmá, ó fẹ́ mọ ohun tí ìyàwó ilé ń wá kiri lọ́sàn-án Sátidé. A mú un lọ sídìí kọ̀ǹpútà. Ó jókòó pẹ̀lú báágì rẹ̀ lórí itan, ó ń wo jagunjagun mi.

"Kí ni àwọn tí ọmọ yìí ń ṣá ládàá ṣe fún un?"

"Màmá, ọ̀tá ni wọ́n."

"Ọ̀tá ta ni?"

N kò mọ̀. Ọkọ mi náà kò mọ̀. Nígbà tó pẹ́, Màmá ní, "Àti ìgbà tí ó ti wọ inú ihò yìí, kò tíì jẹun." Mo fi hàn án pé ó máa ń mu oògùn inú ìgò pupa tí ara rẹ̀ á fi yá. Ìyẹn tẹ́ ẹ lọ́rùn díẹ̀. Ó béèrè ohun tí ẹni tó bá borí máa gbà. Bámilóyè sọ fún un. Màmá tún báágì rẹ̀ gbé.

"Ìwọ náà á ní ibi iṣẹ́ tìrẹ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Ìyàwó mi, máa ṣá wọn lọ."

Ọjọ́ Ajé, 25 Oṣù Kẹfà

Wàhálà dé. Mo dé iwájú Ọba Onírin fún ìgbà àkọ́kọ́. Irin ló fi bora láti orí dé ẹsẹ̀, òòlù rẹ̀ tó mọ́tò. Mo sáré sí i, mo ṣá a, àdá mi ń yọ̀ lára rẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn ń fi èékánná họ ògiri. Ẹ̀mí rẹ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ dín. Ó gbé òòlù sókè, ó sọ̀ ọ́, mo di pẹlẹbẹ. Mo padà lọ, mo tún di pẹlẹbẹ. Bẹ́ẹ̀ ni títí oníbàárà fi dé.

Alájì ní, "Mo sọ ọ́ àbí n kò sọ ọ́? Irin, idà gbàǹgbà ló ń wọ̀ ọ́. Ẹyọ kan bíi mẹ́wàá tìrẹ ni."

Òótọ́ ló sọ, ohun tó dùn mí nìyẹn. Mo gbìyànjú idà gbàǹgbà lọ́sàn-án. Yéè! Ó dà bí ìgbà tí mo gbé bẹ́ẹ̀dì. Kì í ṣe Ọba Onírin ló pa mí o, eku inú ihò kìíní ni. Eku!

Bámilóyè kò sọ pé òun ti sọ ọ́ fún mi tẹ́lẹ̀. Mo kúkú fẹ́ kó sọ ọ́.

Ọjọ́rú, 27 Oṣù Kẹfà

MO TI RÍ I! Jẹ́ kí n rọra kọ ọ́.

Màmá ní iyán lòun fẹ́ jẹ lónìí. A yá odó ìyá onílé, a gbé e sí ẹ̀yìnkùlé. Màmá mú ọmọ odó kan, ó na èkejì sí mi. Ní ilé ìyá mi ní Bàrígà, ẹnìkan ló máa ń gún un, n kò gún un ní méjì rí, ṣùgbọ́n ta ló máa sọ ìyẹn fún ìyá ọkọ? Mo gbé tèmi sókè, mo sọ̀ ọ́, ọmọ odó méjèèjì pàdé lókè odó, gbàù! Iṣu fò mọ́ ògiri.

"Ìyàwó, ṣé ìjà la wá jà ni?"

"Ẹ má bínú, Màmá."

"Má wo tìrẹ. Tèmi ni kó o máa wò. Tí tèmi bá ti wọlé, tìrẹ wà lókè. Bí tèmi ṣe ń jáde ni tìrẹ ń wọlé. Iṣu kò gbọdọ̀ rí àyè mí."

Gbì, gbì. Gbì, gbì. Ìgbà tó yá, ara mi mọ̀ ọ́n, a kò sọ̀rọ̀ mọ́, iṣu ń rọ̀. Ibẹ̀ ni mo ti pariwo.

Máòsì ní bọ́tìnì méjì. Ti òsì ni fún àdá òsì, ti ọ̀tún ni fún àdá ọ̀tún, èmi ọ̀dẹ̀ sì ti ń tẹ méjèèjì pọ̀ látọjọ́ yìí, torí mo rò pé àdá méjì lẹ́ẹ̀kan náà á dun Ọba Onírin jù. Àdá méjèèjì á bà á pọ̀, wọ́n á sì padà pọ̀. Ìgbà tí wọ́n bá ń padà yẹn ló máa ń rí àyè gbé òòlù! Bẹ́ẹ̀, gbogbo ohun tí àdá bá bà nínú géèmù yìí máa ń ta gìrì díẹ̀ kí ó tó lè ṣe nǹkan míì. Tí ọ̀kan bá ń wọlé bí èkejì ṣe ń jáde, yóò kàn máa ta gìrì ṣáá ni!

Màmá ní, "Kí ló ta ọ́?"

"Màmá, iṣu kò gbọdọ̀ rí àyè mí!"

"Ohun tí mo sọ nìyẹn. Gún un."

Mo gún un. Mo jẹ ẹ́ pẹ̀lú. Iyán náà kúnná.

Ọjọ́bọ̀, 28 Oṣù Kẹfà

Ó ṣiṣẹ́ o! Ṣùgbọ́n ó pẹ́. Ó pẹ́ gan-an. Ẹ̀mí rẹ̀ ń dín bí ọṣẹ inú omi. Mo gbá a dé ìdajì, ìka mi ṣì lẹ́ẹ̀kan péré, òòlù dé. Alájì ti sùn lọ lórí àga.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 30 Oṣù Kẹfà

Ìpele àkọ́kọ́, ní Bàrígà. Ilé Mùtíù kún dé ojú pópó, ó gbóná bí ààrò. Èmi nìkan ni obìnrin. Wọ́n ń wò mí bí ẹni tó wá gbé oúnjẹ fún ọkọ rẹ̀.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́nu rẹ̀ jù ni Àyúbà, tó ń tẹ kàlẹ́ńdà ní Fádèyí. Idà gbàǹgbà ló yàn. Nígbà tí mo yan àdá méjì, ó na ọrùn wá. "Ìyàwó, ṣé ẹ̀fọ́ lẹ fẹ́ fi ìyẹn rẹ́ ni?"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dúró, ẹ máa jẹ nínú rẹ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo jáde láàyè láti ihò kẹfà, wọ́n rẹ́rìn-ín míì, èyí dùn mọ́ mi. Àwa mẹ́ta ló kù: Àyúbà, apẹja kan tó ń jẹ́ Tófúnmi, àti èmi. Sátidé tó ń bọ̀, Ọba Onírin.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3 Oṣù Keje

Òjò ti ń rọ̀ láti àná, omi wọ ilé Mùtíù, ó ti kó kọ̀ǹpútà sórí tábìlì. Ó ní kò sí ohun tó máa yí Sátidé padà.

Alájì ní kí n fi ọkàn tán an, kí n yan idà gbàǹgbà, ó ní ó ṣì ku ọjọ́ díẹ̀ tí n lè fi kọ́ ọ. Ìyá onílé pàápàá ti gbọ́, òun náà ní kí n mú idà ńlá. N kò tíì pa Ọba Onírin rí, kódà lẹ́ẹ̀kan. Tí mo bá pàdánù nípa àdá tí gbogbo ayé ní kí n má mú, ojú wo ni mo fẹ́ fi wo ọkọ mi tó fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ fún mi?

Oúnjẹ kò wù mí jẹ. Màmá rí i, inú rẹ̀ dùn, ó tún wo ikùn mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7 Oṣù Keje

Jẹ́ kí n kọ gbogbo rẹ̀.

Mùtíù kò gbẹ́kẹ̀ lé Nẹ́pà, jẹnẹrétọ̀ ló tàn látìbẹ̀rẹ̀. Tófúnmi ló kọ́kọ́ jókòó, pẹ̀lú idà kan àti asà. Òòlù fọ́ asà, ó fọ́ Tófúnmi. Ó dìde, ó ní òun ti mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó lọ dúró lẹ́bàá ògiri.

Àyúbà jókòó. N kò ní parọ́, ó mọ̀ ọ́n lò. Ó dúró lókèèrè, ó jẹ́ kí òòlù kọjá, ó sì gbá a, gbòà! Irin fọ́n ká. Ó tún ṣe bẹ́ẹ̀. Gbogbo ilé ń pe orúkọ rẹ̀. Ó ku bíńtín kí Ọba Onírin kú, bíńtín gan-an, ọkọ mi ti di apá mi mú. Àyúbà kò ní sùúrù, kò dúró kí òòlù kọjá mọ́. Ó gbé idà, idà ń lọ sókè, ó ń lọ sókè, òòlù sì ti ń bọ̀ wálẹ̀. Àyúbà fi orí lé tábìlì. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Ó kan èmi. Mo jókòó, wọ́n ní kí n yan ohun ìjà. Ọwọ́ mi lọ sórí idà gbàǹgbà. Gbogbo ilé ṣáà ti rí ohun tó fi irin náà ṣe. Mo wo ẹ̀yìn. Alájì ń mi orí sí mi, bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni. Mo wo ọkọ mi.

Ó ní, "Èyí tó mọ́ ọ lọ́wọ́ ni kí o mú."

"Tí mo bá pàdánù ńkọ́?"

"A ó lọ sílé, a ó jẹun. Mú un."

Mo mú àdá méjì.

Mo sún mọ́ Ọba Onírin títí ojú wa fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn, mo sì bẹ̀rẹ̀. Òsì, ọ̀tún. Òsì, ọ̀tún. Ó fẹ́ gbé òòlù, ó ta gìrì. Ó fẹ́ gbé e, ó ta gìrì. Wọ́n kọ́kọ́ hó. Nígbà tó yá, wọ́n dákẹ́. Nígbà tó tún yá, mo gbọ́ tí ẹnìkan ń hanrun. Ẹ̀mí rẹ̀ kò tíì dé ìdajì.

Ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ lu tábìlì, gbì, gbì, kí n má bàa ṣìṣe. Àyúbà fò dìde. "Mùtíù! Wọ́n ń ràn án lọ́wọ́!"

Mùtíù ní, "Ẹ̀gbọ́n Bámilóyè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ọwọ́ yín sápò."

Ó gbé e sápò. Lẹ́yìn àwọn èrò níbẹ̀, àtẹ́wọ́ kan bẹ̀rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́. Pà, pà. Pà, pà. Àyúbà tún fò dìde. "Màmá, ẹ̀yin náà!"

Màmá ní, "Mò ń yin Ọlọ́run mi lógo ni. Ṣé ó kàn ọ́?"

Ta ló máa ní kí ìyá àgbà má yin Ọlọ́run? Mùtíù yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Òsì, ọ̀tún. Ìka mi ń jó bí ata. Lójijì, jẹnẹrétọ̀ wúkọ́.

Mùtíù bẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. "Ìyàwó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe kíá, epo ń tán lọ!"

"Mi ò lè ṣe kíá! Bí ó ṣe ń kú nìyí!"

"Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́ kó kú!"

Jẹnẹrétọ̀ tún wúkọ́, ojú kọ̀ǹpútà ṣẹ́jú. Bámilóyè ti sáré jáde. N kò lè wẹ̀yìn, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ohùn rẹ̀ níta, ó ń bẹ ọlọ́kadà kan pé kó fa epo inú ọ̀kadà rẹ̀ fún òun, òun á fún un ní bàtà ẹsẹ̀ òun. Mo gbọ́ tí ọlọ́kadà ń béèrè nọ́ńbà bàtà. Mo gbọ́ tí Alájì Yísà, àgbàlagbà, ń ké pé, "Fún un ní tèmi!" Òsì, ọ̀tún. Jẹnẹrétọ̀ mí kanlẹ̀, ó sì tún gbéra, ó ń ké bíi tuntun.

Ọba Onírin kúnlẹ̀. Mo rò pé ẹ̀tàn ni, mo ń ṣá a lọ. Ó dojú bolẹ̀. Mo ṣì ń ṣá a. Mùtíù ló gba máòsì lọ́wọ́ mi.

Ariwo tó sọ, àwọn tó wà nínú ọkọ̀ ojú omi máa gbọ́ ọ. Àyúbà wá bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní, "Ìyàwó, ẹ fún mi nínú ẹ̀fọ́ yẹn." Ọkọ mi gbé mi sókè níwájú ìyá rẹ̀. Mo gbàgbé, mo ní, "Bámi, gbé mi sọ̀ kalẹ̀, òyì ń kọ́ mi!" Màmá gbọ́ ọ ketekete pé n kò pè é ní "ẹ̀yin." Ó wojú ọ̀run.

Ọjọ́ Àìkú, 8 Oṣù Keje

A fi ọmọlanke gbé kọ̀ǹpútà délé, a fi ọ̀rá àti aṣọ òjò Màmá bò ó. Màmá ń lọ níwájú, ó ń lé àwọn èèyàn kúrò lọ́nà: "Ẹ yà o, ẹ̀rọ ń bọ̀!" Ìka mi wú. Ọkọ mi ló gbé oúnjẹ sí mi lẹ́nu. Ayọ̀ ò lè pa mí, tó bá lè pa mí, ǹ bá ti kú lánàá.

Ọjọ́rú, 11 Oṣù Keje

Àárọ̀ yìí ló kan Alájì. A wọlé, a kúnlẹ̀, Bámilóyè ní a fẹ́ dá dúró. Alájì wo bàtà tuntun tó fi rọ́pò èyí tí ọlọ́kadà gbà, ó bọ́ ọ, ó wo ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó tún wọ̀ ọ́.

Ó ní, "Káàdì, èmi ò ní í máa tò ó mọ́. Ojú mi ò gbé e. Ẹ̀yin ni mo máa máa gbé e wá fún, èmi á máa tẹ̀ ẹ́. Àmọ́ ẹ ò gbọdọ̀ yọ géèmù kúrò lórí kọ̀ǹpútà mi."

Ọkọ mi ní, "Alájì, kí Ọlọ́run jẹ́ kí ẹ pẹ́."

"Ṣé ẹ máa fi bí wọ́n ṣe ń ṣe òsì, ọ̀tún yẹn hàn mí?"

Yàrá iwájú ilé wa tí ìyá onílé ń kó igbá sí ni a ó lò. Ó ti ní ká kó igbá jáde.

Ọjọ́ Ẹtì, 13 Oṣù Keje

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí kọ̀ǹpútà wa ṣe ni káàdì ìkésíni síbi ṣíṣí ara rẹ̀. Bámilóyè ń tẹ̀, èmi ń wò ó bóyá orúkọ ẹnikẹ́ni kò ṣìnà. Ó kọ orúkọ ibi iṣẹ́ náà sókè, lẹ́tà gàdàgbà: DỌLÁPỌ̀ ÀTI BÁMILÓYÈ, ATÒWÉ.

Mo ní, "O ti ṣìnà. Tìrẹ ló yẹ kó ṣáájú."

Ó ní, "Mo ti kà á lẹ́ẹ̀mejì. Kò ṣìnà."

Àwa méjèèjì bú sẹ́kún. Màmá wo èmi, ó wo òun, ó ní kí a má sunkún sórí ẹ̀rọ, omi kì í ṣe é dáadáa. Ó ní òun kò ní padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ kí ọjọ́ náà tó kọjá, àti pé ọ̀rọ̀ "ẹ jọ̀wọ́" tí ọkọ mi kọ sí ìsàlẹ̀ káàdì náà rọ̀ jù, àwọn ará Èkó á fi pẹ́ ni. Òun fúnra rẹ̀ ló pe èyí tó wà níbẹ̀ báyìí, a kò sì yí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan padà:

Gbogbo yín gbọ́dọ̀ ti jókòó kí aago mẹ́wàá àárọ̀ tó lù, ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù Keje, ọdún 2001.